Ta Ni Olùkọ́ Rere fún Awakọ̀ Òfurufú Ológun?

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lókè Òmù-Àrán lọ́sàn-án ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí yóò dá àwọn ọmọ kéékèèké dúró ṣọ̀wọ́n. Wọn a sáré síta, wọn a gbójú sókè, wọn a máa juwọ́ sí ẹni tí kò rí wọn. Nínú wọn ni a ti ń rí èyí tí yóò délé sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun yóò di awakọ̀ òfurufú ológun. Inú wa a máa dùn sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí kò ní àlá kò ní ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yin ọkọ̀, tí a sì ń yin ẹni tí ń wà á, ìbéèrè kan wà tí a kì í sáábà bèèrè. Ta ni ó kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó kan àwa ará Ìgbómìnà, àgbẹ̀ oníṣu àti àgbàdo, nínú bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ogun láti fò? Ó kàn wá. Ní Ìlọrin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ìjọba Kwara dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ fún kíkọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú. Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní ilẹ̀ Ìjùmú ni ìdílé Tolulope Arotile ti wá, ọmọbìnrin tí ó gba àmì ìyẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ó kú ní Kàdúná ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2020. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ó gbá a nínú ọgbà àwọn ọmọ ogun, kì í ṣe òfurufú ni ó pa á. Ọmọ ọdún 24 ni. Òbí tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ọwọ́ tí a ó fi í lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà kò bá olùkọ́ nílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, a gba ọmọkùnrin 10 tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Etiópíà yóò kọ́. Ní ọdún 1963, a gba 16 tí Kánádà yóò kọ́, a sì gba 6 fún Íńdíà. Nígbà tí òfin dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tiwa sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1964, àwọn ará Jámánì ni ó wá kọ́ àwọn ènìyàn wa nílé níhìn-ín, Kàdúná sì ni ibùdó ẹ̀kọ́ náà. Olórí àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ní, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, ará Jámánì ni. Ó di ọdún 1966 kí ọmọ Nàìjíríà, George Kurubo, tó jókòó sórí àga náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, àwọn olùkọ́ náà padà sí ìlú wọn. A ra ọkọ̀ ogun láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sì kọ́kọ́ wà wọ́n lójú ogun jẹ́ àjèjì. Owó ra ọkọ̀ ní oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ra ọ̀gbọ́n ọwọ́ ní oṣù díẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1969, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun òfurufú wa fúnra rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní Uzebba, nítòsí Benin. L-29 ni ọkọ̀ tí ó wà, ọkọ̀ tí a ṣe fún ìkọ́ni, tí ó ní ìjókòó méjì. Òun nìkan ni ó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kò dárúkọ akọni yìí láti dá a lẹ́bi, nítorí òkú ọ̀run kì í rojọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ọ̀dọ́ kíyèsí ni pé òfurufú kò mọ ọ̀gá, kò sì kí ẹnikẹ́ni ní kíkí ológun. Ẹ̀kọ́ tí a bá gbé gòkè ni ó ń báni gòkè.

Wàyí o, irú ènìyàn wo ni olùkọ́ rere nínú iṣẹ́ yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ wà jù, tí ó sì ti ja ogun jù, ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Awakọ̀ tí ó bá ti rẹ̀ lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, tí ẹ̀rù ti ń bà, ni wọ́n máa ń dá padà sílé pé kí ó lọ kọ́ àwọn ọmọ, bí ẹni pé ibi ìsinmi ni ilé-ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọn kì í jẹ́ kí ó ṣe ohunkóhun tí ó le, wọn a sì tì í jáde láìtíì gbó. Ọ̀pọ̀ kú lẹ́nu ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó fojú kan ọ̀tá.

Ọ̀gágun kan, Robert Smith-Barry, kò lè mú un mọ́ra. Ó ti jẹ́ olórí àwọn awakọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, ó sì rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i bí wọ́n ti ń já bọ́ bí ewé. Ó kọ ìwé ẹ̀hónú sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ léraléra. Níkẹyìn, ní oṣù kejìlá ọdún 1916, wọ́n ní kí ó wá sílé, kí ó wá ṣe é bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Gosport ni wọ́n fi í sí, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún 1917 tó parí, ó ti sọ ibẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń wá kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni.

Ohun tí ó ṣe kò ní idán nínú. Ó lo ọkọ̀ tí ó ní ìjókòó méjì àti ọ̀pá ìdarí méjì, èyí tí a ń pè ní Avro 504. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ sí ìjókòó tí yóò máa jókòó sí bí ó bá ń fò lóun nìkan. Ó fi ọ̀pá oníhò bíi ti rọ́bà so etí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ẹnu olùkọ́, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì. Lékè gbogbo rẹ̀, ó yí èrò padà. Ó ní kí olùkọ́ má ṣe máa sá fún ewu pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó mú un wọ inú ewu níbi gíga, níbi tí àyè ìtúnṣe wà, kí ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń lọ́ra jù, tí awakọ̀ sì gbé orí rẹ̀ sókè jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹ́ kan a kọ́kọ́ wó, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó bọ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, nígbà tí ó bá rí ilẹ̀ tí ń yí bọ̀ wá bá a, ọwọ́ rẹ̀ a sáré fa ọ̀pá ìdarí mọ́ àyà kí orí ọkọ̀ lè gòkè. Èyí gan-an ni í pa á. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìhà tí ó lòdì sí ibi tí ọkọ̀ ń yí sí, kí ó sì ti ọ̀pá ìdarí síwájú, bí ẹni tí ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyípo náà bá dúró, tí afẹ́fẹ́ sì tún di ìyẹ́ mú, ni yóò tó rọra fà á gòkè. Kò sí ìwé tí a lè fi kọ́ ọwọ́ ènìyàn láti ṣe ohun tí ẹ̀rù ní kí ó má ṣe. Ó ní láti ṣe é, kí ó tún un ṣe, pẹ̀lú ẹni tí ó ti ṣe é rí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Olùkọ́ rere ni ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun mú ọwọ́ kúrò, àti ìgbà tí kò tíì yẹ. Ẹ̀yin tí a bí sí oko, ẹ mọ bí bàbá ṣe ń kọ́ ọmọ láti gun ọ̀pẹ. Kì í gbé ọmọ rù gòkè, nítorí ọmọ tí a gbé gòkè kò mọ bí a ti ń fi igbà sọ̀kalẹ̀. Kò sì ní fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní kí ó máa lọ sí ìdí ẹyìn. Nítòsí ilẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò dúró nísàlẹ̀, yóò máa wo ẹsẹ̀, yóò máa wo igbà. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá yẹ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Bí ó bá rí i pé igbà fẹ́ tú, ohùn rẹ̀ yóò dé kí igbà tó tú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lójú òfurufú, àfi pé níbẹ̀, ara olùkọ́ fúnra rẹ̀ wà lórí ọ̀pẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń balẹ̀ tí ọkọ̀ sì ń wọ́ sí apá kan, olùkọ́ tí ó bá gba ọ̀pá ìdarí kíákíá ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, yóò tọ́ awakọ̀ tí ń dúró de ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá dúró ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn méjèèjì ni a ó lọ sin. Láàárín àkókò méjèèjì yìí, nígbà mìíràn, kò ju kí a ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ìmọ̀ àkókò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ olùkọ́.

Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe é ní òfin pé ẹni tí ọ̀pá ìdarí wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gbà á, yóò sọ ọ́ sókè pé ó ti di ọwọ́ òun, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dáhùn pé ó ti di ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìṣẹ́jú kan tí àwọn méjèèjì ń fà á pọ̀, tàbí tí olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ni ó mú un. Ìbá wù wá kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wa kọ́ ẹ̀kọ́ kékeré yìí.

Lẹ́yìn ọwọ́ ni ahọ́n. Kí wọ́n tó gòkè, olùkọ́ rere a jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ lórí ilẹ̀, a ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń lọ ṣe lọ́jọ́ náà. Lójú òfurufú, òun a kọ́kọ́ ṣe é, a sì máa fi ọ̀rọ̀ ṣókí sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà òun náà a ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá balẹ̀, wọn a tún jókòó. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjókòó ìkẹyìn yẹn ni a ti ń sọ ọmọdé di àgbà, nítorí níbẹ̀ ni ó ti ń wẹ̀yìn wo ohun tí ó mú òun kọsẹ̀. Olùkọ́ tí ń jágbe mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lókè kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ẹ̀rù a máa dí etí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń bẹ̀rù olùkọ́ rẹ̀ yóò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, àṣìṣe tí a bá sì fi pamọ́ nínú iṣẹ́ yìí a máa jáde lọ́jọ́ tí kò sí olùkọ́ nítòsí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹ́gbẹ́ wa, àwa tí a ti mú ẹfun dúró níwájú pátákó rí, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ohun kẹta ni ó le jù ní ilẹ̀ wa. Olùkọ́ rere gbọ́dọ̀ lè wí pé, “Ọmọ yìí kò tíì tó,” kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dúró. Ẹ wo àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Charles Alfred Anderson, tí a bí ní ọdún 1907, fẹ́ fò, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó wá owó ra ọkọ̀ kékeré kan, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀, kí ará Jámánì kan tó ràn án lọ́wọ́. Òun yìí náà ni ó di olórí àwọn olùkọ́ fífò ní Tuskegee, ní Alabama, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà níkẹyìn láti kọ́ àwọn adúláwọ̀ ní awakọ̀ ogun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń retí kí wọ́n kùnà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti yọ́nú sí akẹ́kọ̀ọ́, kí iye àwọn tí ó yege lè pọ̀, ibẹ̀ ni. Síbẹ̀, nínú àwọn 13 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní ọdún 1941, àwọn 5 péré ni ó gba àmì ìyẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1942. Àwọn tí ó jáde ní Tuskegee títí ogun fi parí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, iṣẹ́ wọn lójú ogun sì pa àwọn ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́. Bí a bá ti fi àánú gbé àwọn aláìtó kọjá, àwọn ẹlẹ́gàn ni ìbá yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa ní ọ̀rọ̀. Ní ìlú tí ọlọ́lá ti ń kọ ìwé pé kí a ṣàánú ọmọ òun, tí ọmọ tí kò mọ ìṣirò ń gba ìwé-ẹ̀rí ìṣirò, báwo ni a ṣe fẹ́ kí olùkọ́ kan ṣoṣo dúró ní pápá òfurufú kí ó wí pé rárá? A kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń wí ni pé agbára àti wí pé rárá kì í bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ní Òró, ní Àjàṣẹ́-Ìpo ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ kan bá kọ̀ láti fi máàkì ta ọrẹ, tí àwa òbí kò sì lọ bá a jà nílé rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì tó, olùkọ́ rere kì í dá a dúró. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fò lóun nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ kì í kìlọ̀ fún un ní ọjọ́ méje ṣáájú, kí ẹ̀rù má bàa bà á. Wọn a jọ fò, wọn a jọ balẹ̀, olùkọ́ a sì ní kí ó dúró. Òun a jáde, a so ìgbànú ìjókòó rẹ̀ tí ó ti ṣófo, kí ó má bàa lọ́ mọ́ ọ̀pá ìdarí, a ti ilẹ̀kùn, a sì rìn lọ sí ẹ̀bá pápá. Ọkọ̀ náà yóò fúyẹ́ lábẹ́ ọmọ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, yóò sì tètè gòkè, nítorí ara olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ kò ju kí ó dúró kí ó máa wòkè lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ìsinmi ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, ọkọ̀ ìkọ́ni kan tí a ń pè ní Super Mushshak já ní Kàdúná, àwọn awakọ̀ méjì tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní oṣù keje ọdún 2023, ọkọ̀ ìkọ́ni mìíràn já nítòsí Makurdi, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ fò jáde láàyè. Kí ọ̀tá tó yìnbọn rárá ni ẹ̀mí ti wà nínú ewu níbi ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa nínú òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka iṣẹ́ ìjọba lórí pẹpẹ, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà gba ọkọ̀ ogun Super Tucano 12 láti Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì súnmọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. A yà wọ́n ní fọ́tò, a kà wọ́n fún ayé. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ wa ti lọ sí Georgia, ní Amẹ́ríkà, kí a tó lè wà wọ́n délé, nítorí ọkọ̀ láìsí olùkọ́, irin lásán ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń bèèrè iye ọkọ̀ tí ìjọba rà, ẹ bèèrè iye olùkọ́ tí ó tọ́ pẹ̀lú. Ẹ bèèrè bóyá olùkọ́ ń rí epo àti wákàtí tí yóò máa fi fò, nítorí ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ a máa dógùn-ún. Ẹ bèèrè bóyá a ń fi ọlá fún ẹni tí ó yàn láti kọ́ni, tàbí bóyá àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò ni ó ń fi owó gbé e lọ. Níhìn-ín ní Kwara, ẹ bèèrè ọ̀nà tí ọmọ tálákà láti Ìgbómìnà lè gbà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Ìlọrin, kí ẹ sì bèèrè bóyá olùkọ́ físíìsì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ládùúgbò yín, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ìyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní Èsìẹ́, tí ó súnmọ́ Òmù-Àrán, àwọn ère òkúta tí ó ju 800 lọ jókòó ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó gbẹ́ wọn, áńbọ̀sìbọ́sí orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo irun tí a dì sí orí àwọn ère náà yóò mọ̀ pé a kọ́ ọwọ́ tí ó ṣe é, nítorí òkúta tí a bá gbá ní àgbákù kì í jinná. Ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agbẹ́re wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, ó ń wo òòlù, ó mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí yóò dákẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń wá fún pápá òfurufú, irú rẹ̀ náà ni a sì ń wá fún kíláàsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá tún kọjá lókè, tí àwọn ọmọ bá sì sáré síta, kí olùkọ́ wọn bá wọn jáde. Kí ó jẹ́ kí wọ́n juwọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó kó wọn padà sínú kíláàsì, kí wọ́n máa bá ìṣirò wọn lọ.